Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlá Tí A Fi Dúró De Ìpè Láti Èkó

Ó yẹ kí bàbá mi wà ní Èkó ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2020, níwájú àwọn dókítà tí wọ́n ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ, nítorí jẹjẹrẹ prọ́sítéètì tí wọ́n ní. Ìyá mi ti di àpò ìrìn-àjò wọn sílẹ̀ láti ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú. Ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú yẹn kan náà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Abuja, bẹ̀rẹ̀ láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì. Àpò náà wà lórí àga ní pálọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lọ́kàn láti tú u.

Fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ló ń bá wa kẹ́dùn nítorí ìrìn-àjò Èkó tí a kò lè rìn yẹn, àwa náà sì gbà pé òun ló ṣe wá lọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní ìwé ọlọ́pọ̀ ojú-ewé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ń lò, tí mo fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ àìsàn náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo padà sínú rẹ̀, tí mo fi ọjọ́ wé ọjọ́, mo rí i pé ibi tí a ń wò kọ́ ni ewu gbà wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹni ọdún 69 ni Bàbá nígbà náà. Iṣẹ́ ayẹkókówò ni wọ́n ṣe fún ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí kókó ti ń jáde ju ibòmíràn lọ ní Nàìjíríà. Ilé wa wà ní ọ̀nà Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́. Èmi, ọmọ wọn kẹta, tí mo jẹ́ olùkọ́, ni mo ń gbé pẹ̀lú wọn àti ìyá mi. Láti ọdún 2018 ni oorun Bàbá ti ń já lóru lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, nítorí ìtọ̀. Ìtọ̀ náà kì í sì í já ṣooro mọ́, ńṣe ló ń kán, tí wọ́n á dúró dúró ní ilé ìyàgbẹ́ títí omi tí wọ́n bù dání á fi tutù. Wọ́n ní àgbà ló dé. Wọ́n mu agbo lóríṣiríṣi. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ìtọ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni wọ́n tó gbà kí n mú wọn lọ sí ọsibítù.

Prọ́sítéètì jẹ́ ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tí ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Òun ló ń pèsè apá kan nínú omi àtọ̀. Bó bá wú, ọ̀nà ìtọ̀ á fún. Wíwú lásán wọ́pọ̀ lára àwọn àgbà ọkùnrin, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ prọ́sítéètì náà ni jẹjẹrẹ tó ń mú ọkùnrin jù ní Nàìjíríà, àwa ènìyàn dúdú sì ni ó máa ń mú ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Bàbá wò fún ohun tí wọ́n ń pè ní PSA, èròjà kan tí ẹṣẹ́ yìí ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Dókítà a máa fura bí ó bá ti ju 4 lọ. Ti Bàbá jẹ́ 78. PSA lè ga nítorí wíwú tàbí nítorí kòkòrò inú ìtọ̀, nítorí náà dókítà fi ìka rẹ̀ yẹ ẹṣẹ́ náà wò láti ojú ihò ìdí, ó sì bá a ní líle bí òkúta.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn mú ẹran wẹ́wẹ́ méjìlá lára rẹ̀. Nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe, Bàbá dá a dúró, wọ́n ní ó ti yé àwọn. Wọ́n ní bí àgbẹ̀ bá gbé àpò kókó wá, ayẹkókówò kì í tú u dà sílẹ̀. Irin oníhò ni yóò fi gún un lókè, ní àárín àti nísàlẹ̀, yóò kó hóró tó bá irin jáde, yóò sì fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì láti mọ èyí tó ti bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ àti èyí tó dára. Dókítà náà dáhùn pé, "Bàbá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni, àwa náà yóò sì sọ ipele tó wà." Èsì dé ní àárín oṣù Kẹta. Ẹran mẹ́sàn-án nínú méjìlá ni jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, ipele Gleason tirẹ̀ sì jẹ́ 8, bẹ́ẹ̀ nínú òṣùwọ̀n yìí 6 ni èyí tó rọ̀ jù tí wọ́n ń pè ní jẹjẹrẹ, 10 sì ni èyí tó burú jù. Bàbá ka ìwé náà fúnra wọn, wọ́n tún un kà, wọ́n ní, "Kókó yìí kò yẹ."

Dókítà kọ ìwé fún wa sí Èkó. Nínú ìwé náà ni wọ́n ti béèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya egungun ẹ̀yìn àti ìbàdí Bàbá, kí a lè mọ̀ bóyá àrùn náà ti kúrò nínú ẹṣẹ́. Wọ́n ní Èkó ni gbogbo rẹ̀ yóò ti parí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí náà a kò ya nǹkan kan ní Àkúrẹ́. Mo fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yìí nínú ìwé mi lẹ́yìn náà, nítorí pé láti inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ṣẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Èkó ló bá wa gba ọjọ́ náà. Ó pè wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, obìnrin tó gbé fóònù sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé wọ́n ti sún gbogbo aláìsàn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú síwájú, pé kí a fọkàn balẹ̀, wọn yóò pè wá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti ọjọ́ náà lọ, ilé ìwòsàn tí a ń lọ ní Àkúrẹ́ ti ẹ̀ka tí wọ́n ti ń rí àwọn aláìsàn tó ń ti ilé wá. Nọ́ńbà tó wà lórí káàdì Bàbá kò wọlé. Ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wà ní títì, èmi náà sì wà nílé láti àárọ̀ di alẹ́, tí mo ń bá Bàbá ta ayò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìpè náà kò dé ní oṣù Kẹrin. Kò dé ní oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn tí ìjọba ti dẹ okùn díẹ̀ ní ọjọ́ 4, tí wọ́n sì wá fòfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa nígbà náà. Jẹjẹrẹ prọ́sítéètì kì í sábà sáré bí àwọn jẹjẹrẹ mìíràn. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní ipele 6, tí PSA rẹ̀ kò sì ga, lè wà fún ọdún mélòó kan láìgba ìtọ́jú, kí dókítà ṣáà máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní agbedeméjì lè sún iṣẹ́ abẹ tàbí ìtànṣán síwájú ní oṣù bíi mélòó kan láìsí ewu ńlá. Èyí tó wà ní ipele 8 sókè ni kò yẹ kí ó dúró lásán. Síbẹ̀, ìtànṣán nìkan kọ́ ló lè dá irú èyí dúró. Omi ara tó ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní testosterone, ni oúnjẹ jẹjẹrẹ yìí, inú kórópọ̀n ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ sì ti ń wá. Oògùn oníhóró wà tó ń dínà mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ wà pẹ̀lú, tí wọ́n ń gún sí abẹ́ awọ ikùn lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kan tàbí lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, tí ohun tí ó ń fi sílẹ̀ lábẹ́ awọ kò ju hóró ìrẹsì lọ. Bí a bá ti mú oúnjẹ kúrò lẹ́nu àrùn náà, ìtànṣán lè dúró fún oṣù mẹ́rin, mẹ́fà. Ìmọ̀ràn tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi síta nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn náà gbòde gan-an nìyí: kí ẹni tí tirẹ̀ le bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, kí wọ́n sì sún ìtànṣán síwájú.

Abẹ́rẹ́ yìí wà ní Àkúrẹ́. Ilé oògùn kan tí kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ilé wa ló ń tà á, oògùn oníhóró náà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó lè gún un sì ń gbé ní òpópónà kejì sí wa. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni mo wá mọ bó ṣe jẹ́. Dókítà tó wà ní Àkúrẹ́ rò pé àwọn ti Èkó ni yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá ti rí Bàbá; àwọn ti Èkó rò pé ẹni tó kọ ìwé ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ó tó kọ ọ́. Kò sí ọ̀lẹ nínú wọn, n kò sì ní fi ẹ̀sùn ìkà kan ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà wa nígbà yẹn ń ra ìbòmú pẹ̀lú owó ara wọn, wọ́n sì ń bẹ̀rù àtigbé àrùn lọ bá ọmọ wọn nílé. Ṣùgbọ́n láàárín ẹni méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rò pé èkejì ti ṣe é, bàbá mi lo ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá láìgba hóró oògùn kan.

Nínú oṣù Karùn-ún ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Wọn kò sọ fún mi. Wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ń kó àwọn ènìyàn pamọ́ sí ibi tí ẹbí kò lè dé, ó sì dá wọn lójú pé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọsibítù nígbà yẹn, orúkọ Kòró ni wọn yóò fún un kí ó tó jáde. Ìyá mi mọ̀ pé Bàbá kì í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, pé orí àga ni ilẹ̀ ti ń mọ́ bá wọn, nítorí ìrora náà máa ń pọ̀ sí i bí wọ́n bá nà sílẹ̀. Ìyá mi ń fi ipara ra ẹ̀yìn náà lálaalẹ́, Bàbá sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún ọmọ. Ìrora ẹ̀yìn tó ń le sí i lóru, lára ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ prọ́sítéètì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipara. Egungun ẹ̀yìn ni ibi tí àrùn yìí fẹ́ràn jù láti lọ bí ó bá kúrò ní orírun rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, Bàbá rìn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ìdí kànga. Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n sì rìn dé ìdí kànga láìmọ̀ pé ẹsẹ̀ kan wà lórí ilẹ̀ lásán. Mo gbé e tẹ̀lé wọn. Mo ní, "Bàbá, sálúbàtà yín rèé." Wọ́n wo ẹsẹ̀ náà, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Ó ti fẹ̀ ni." Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Ọjà Ọba, mo ra tuntun tó fún wọn lẹ́sẹ̀ dáadáa. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé mi, èyí ni mo máa ń ṣí kọjá kíákíá. Ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ pé bàtà ti bọ́ ń sọ̀rọ̀, ohun tí mo fi dá a lóhùn sì ni sálúbàtà.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ 20, Bàbá gbìyànjú láti dìde lórí àga, ẹsẹ̀ kò gbé wọn. Wọn kò tíì tọ̀ láti alẹ́ àná, ikùn wọn le bí ìlù. Bí mo ṣe ń fọwọ́ kàn wọ́n láti ìdodo wálẹ̀, wọ́n ní àwọn kò mọ ọwọ́ mi lára dáadáa. Mo gbé wọn sínú mọ́tò aládùúgbò wa, ó di ọsibítù ńlá kan. Ọjọ́ kẹfà tí àwọn dókítà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ jákèjádò Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì nìyẹn. Lẹ́nu géètì ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ iwájú orí Bàbá wò bóyá ara wọn gbóná. Nọ́ọ̀sì tó yọjú sí wa ní kò sí dókítà tí yóò rí wọn títí di Ọjọ́ Ajé, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bojú wẹ̀yìn, ó sún mọ́ fèrèsé mọ́tò, ó sì sọ orúkọ ọsibítù aládàáni kan fún mi ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Títí di òní ni mo ń gbàdúrà fún obìnrin náà.

Dókítà àgbàlagbà ló wà níbẹ̀. Ó fi rọ́bà fa ìtọ̀ Bàbá, ìtọ̀ náà sì kún ike méjì. Ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ dexamethasone láti fi dín wíwú kù lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ka ìwé tó ti wà nínú àpò láti oṣù Kẹta, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Abẹ́rẹ́ wo ni ẹ ti ń gún fún wọn?" Mo ní a ń dúró de Èkó. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé ó jọ pé àrùn náà ti wọ egungun ẹ̀yìn, pé ó ti ń tẹ iṣan ńlá tó gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tó ń bá ẹsẹ̀ àti àpò ìtọ̀ sọ̀rọ̀, àti pé wákàtí ni a ń kà lórí irú èyí, a kì í ka ọjọ́. Ó ní abẹ́rẹ́ tó yẹ kí a ti gún tẹ́lẹ̀ kò ṣeé gbójú lé lójijì mọ́, nítorí ó máa ń kọ́kọ́ gbé testosterone sókè kí ó tó wá wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀nà tó yá jù ni kí wọ́n yọ kórópọ̀n méjèèjì. Iṣẹ́ abẹ náà kò tó wákàtí kan, ojú ibẹ̀ nìkan ni wọn yóò fi oògùn pa, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, testosterone á ti wálẹ̀.

N kò lè sọ ọ́ fún Bàbá. Ọmọ wo ni yóò dúró níwájú bàbá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá mi ló wọlé tọ̀ wọ́n, tí mo sì dúró lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ohùn. Bàbá kọ́kọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kú ní odidi. Ìyá mi ní, "Olówó orí mi, ọdún 43 ni mo ti wà nílé yín. Ọmọ márùn-ún la bí, Ọlọ́run kò mú ìkankan. Kí ni a tún fẹ́ fi í ṣe tó ju ẹ̀mí yín lọ?" Nígbà tí dókítà wọlé, ohun tí Bàbá bi í ni bóyá ohùn wọn yóò yí padà. Ó ní, "Rárá, Bàbá. Ohùn yín kò ní yí, irùngbọ̀n yín kò ní ré. Ooru á máa mú yín lójijì nígbà mìíràn, bí ó ṣe ń mú àwọn ìyá wa tí wọ́n ti kúrò lẹ́nu ọmọ bíbí. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára pé okun yín dín." Bàbá wá mi orí pé àwọn gbà. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣe é.

Àwọn dókítà dá ìyanṣẹ́lódì dúró ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 22. Àwòrán tí wọ́n yà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi hàn pé àrùn ti jẹ egungun ẹ̀yìn méjì ní ìsàlẹ̀ àyà. Ìtànṣán tó lè ràn ẹ̀yìn náà lọ́wọ́ kò sí nítòsí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣòwò ní Ìbàdàn sì sáré títí ó fi rí àyè níbẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ a ká ìjókòó ẹ̀yìn Sienna kan, a tẹ́ fóòmù sí i, a tẹ́ Bàbá lé e. Láti Ìgbàrà-Òkè dé Iléṣà, láti Iléṣà dé Ifẹ̀, gbogbo ibi tí àwọn agbófinró ti dá wa dúró ni mo ti ń na ìwé dókítà jáde, tí mo sì ń ṣí ilẹ̀kùn kí wọ́n rí rọ́bà ìtọ̀. Kò sí ẹni tó dá wa padà. Èyí yà mí lẹ́nu púpọ̀, nítorí pé ohun tí a fi di ara wa mọ́lẹ̀ láti oṣù Kẹrin ni pé kò sí ọ̀nà. Ní Ìbàdàn wọ́n ní àfi kí èsì àyẹ̀wò Kòró jáde kí Bàbá tó wọ yàrá ẹ̀rọ, ìyẹn náà sì gba ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29, ni wọ́n gbé wọn sábẹ́ ẹ̀rọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìwọ̀n tó pọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án tí ẹsẹ̀ ti kọ̀ nìyẹn.

A padà sí Àkúrẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Keje, lẹ́yìn tí ìjọba ti ṣí ọ̀nà láàárín àwọn ìpínlẹ̀. Gbogbo ìlú ni ẹ̀rù mú. Gómìnà Rotimi Akeredolu ti kéde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà pé àrùn Kòrónà mú àwọn náà, Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera, Dókítà Wahab Adegbenro, sì ti kú ní ọjọ́ 2 oṣù Keje. Nínú irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ráyè béèrè nípa ẹ̀yìn bàbá kan ní ọ̀nà Ọ̀dà?

PSA Bàbá wálẹ̀ láti 140 tó dé ní oṣù Kẹfà sí 3.2 ní oṣù Kẹwàá, ó sì lọ sí ìsàlẹ̀ 1 lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ìrora ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n yọ rọ́bà ìtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún padà sípò díẹ̀díẹ̀. Ti òsì kò padà tán, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń rìn láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàtà olókùn ni wọ́n ń wọ̀ báyìí. Sálúbàtà kì í dúró lẹ́sẹ̀ wọn.

Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà ní Ìbàdàn bóyá ẹsẹ̀ náà ì bá wà bí a bá tètè dé. Ó ní ẹni tó bá ṣì ń rìn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹ̀yìn, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí ó máa rìn lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kọ̀ kí ó tó délé ìwòsàn, ohun tí a ń rí gbà padà kì í tó nǹkan, ti Bàbá tilẹ̀ dára ju èyí tí òun retí lọ. Mo wá bi í nípa ìrìn-àjò Èkó. Ó ní bí àrùn náà bá ti wà nínú egungun ní oṣù Kẹrin, tí òun sì rò pé ó ti wà níbẹ̀, àwọn ti Èkó kò ní tan ìtànṣán sí prọ́sítéètì náà láti wò ó sàn rárá. Wọn ì bá ya ẹ̀yìn náà, wọn ì bá rí i, wọn ì bá sì ní kí a padà sílé lọ gba abẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń gbé kiri láti ọjọ́ náà. Ìrìn-àjò tí a sunkún lé lórí, ilé oògùn tó wà nítòsí wa ni ì bá rán wa lọ. Àdánù wa nínú rẹ̀ ni ìmọ̀ tí à bá ti rí gbà: pé egungun ti wà nínú ọ̀rọ̀, pé bí ẹ̀yìn bá dun Bàbá kí a má sùn. Nígbà tí obìnrin tó wà lórí fóònù ní kí a fọkàn balẹ̀, kò sí ẹni nínú wa tó mọ̀ láti bi í pé bí ìpè yín bá pẹ́, oògùn wo ni kí a bẹ̀rẹ̀, ta ni kí a pè, àti pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ara Bàbá tí a kò fi ní dúró dè yín mọ́. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Dókítà tó kọ ìwé sí Èkó lè kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé náà, kódà bí ó bá ń kánjú, mo sì gbà pé ojúṣe rẹ̀ ni.

Lọ́dún 2023 PSA bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà, bí ó ti máa ń rí nígbà tí jẹjẹrẹ yìí bá kọ́ bí a ṣe ń gbé láìsí oúnjẹ tí a gbà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fi oògùn abiraterone kún un, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún náà, Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú rédíò wọn nígbà tí ìròyìn ikú Gómìnà Akeredolu dé láti Jámánì, tí ìkéde ìjọba ìpínlẹ̀ wa sì sọ ọ́ gbangba pé jẹjẹrẹ prọ́sítéètì ni. Bàbá pa rédíò náà. Wọ́n jókòó pẹ́. Wọn kò tíì sọ orúkọ àìsàn wọn fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ẹbí títí di ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń sọ pé ó ń dun àwọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbé fóònù àti ìwé nọ́ńbà wọn wá. Wọ́n pe mẹ́fà nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ayẹkókówò, láti Ọ̀wọ̀ dé Ìdànrè, wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń dìde lóru?" Méjì nínú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé ọ̀kan lọ.